Páwà báìkì: Ìdí tí ọwọ́ àti ẹ̀yìn fi ń ro àwọn tó ń gùn ún, àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà, níbi tí Aláúsá wà, àti ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn. Síbẹ̀, ariwo alùpùpù kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù ṣì wà lójú títì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó fẹ́ràn páwà báìkì. Àwọn tó ni páwà báìkì yìí ló sábà máa ń ráhùn pé ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ń ro àwọn.

Kí ló fà á?

Eré ìje ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe irú alùpùpù bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú wà nísàlẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wà lókè, ó sì sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá gùn ún gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú. Tí eré bá pọ̀, atẹ́gùn á máa ti àyà rẹ̀ sókè, ìnira á dín kù. Àmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, atẹ́gùn wo ló fẹ́ gbé èèyàn ró? Orí ọwọ́ ni gbogbo ìwúwo ara máa bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìgbádùn lásán. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í tètè tẹ bíréèkì. Tí èèyàn bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bíi mítà 17 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdádúró díẹ̀ báyìí lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Báwo lẹ ṣe lè jókòó dáadáa?

Ẹ fi orúnkún méjèèjì fún táǹkì epo mọ́ra, kí ikùn àti ẹ̀yìn máa gbé ara ró. Ẹ jẹ́ kí ìgbúnwọ́ rọ̀, ẹ má fi ọwọ́ le. Tí ẹ bá ti gùn ún bíi wákàtí kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ na ara, ẹ mu omi. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tún ibi tí ọwọ́ ń tẹ bíréèkì ṣe, kó bá ìka yín mu.

Kí ẹ tó gùn ún ńkọ́?

Àárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kí ẹ wọn atẹ́gùn inú rẹ̀, torí pé ooru máa ń fẹ̀ ẹ́. Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ wo bíréèkì, ẹ wo ṣéènì bóyá ó ti dẹ̀ jù.

Ẹ dé akoto gidi, kí ẹ sì so okùn rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto, igbá ni àwọn ọlọ́kadà kan dé sórí! Igbá kò lè gba orí là. Ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé akoto gidi ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní ìdá 69.

Tó bá jẹ́ eré ló ń wù yín, títì Èkó kọ́ nibi tí wọ́n ti ń sá a. Ní South Africa, àwọn èèyàn máa ń sanwó láti sá eré ní pápá ìje bíi Kyalami, lẹ́bàá Johannesburg. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ alùpùpù wò, wọ́n á pín àwọn èèyàn bí ìmọ̀ wọn ṣe tó, wọ́n á sì wọ aṣọ awọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú bí ogún ni wọ́n ń sá kí wọ́n tó sinmi. Kò sí kòtò níbẹ̀, kò sí dánfó, kò sí ẹni tó ń sọdá.

Bí àwọn tó wà ní pápá tó mọ́ bẹ́ẹ̀ bá ń múra tó báyìí, ẹni tó ń la Aláúsá kọjá lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ múra jù bẹ́ẹ̀ lọ.