Ìwé Gbélé-ẹ Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́ Ìjọba: Kí Ni Adájọ́ Ń Wò?

Ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, owó oṣù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ó yẹ kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí kóòtù lè ṣe bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá lé ènìyàn.

Adájọ́ kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá òṣìṣẹ́ náà jẹ̀bi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lé e ló ń wò. Òfin tó dá irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ti là á kalẹ̀: kí wọ́n kọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí wọ́n bá fo èyí, òfo ni ìwé gbélé-ẹ náà. Òṣìṣẹ́ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò sì san owó oṣù tó ti sọnù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún aládàáni kì í sábà rí ju owó nótíìsì gbà.

Ojú àwọn olùkọ́ 49 ní Yunifásítì Ìlọrin rí nǹkan. Ọdún 2001 ni wọ́n dá wọn dúró lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Wọ́n jàre ní 2005, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dà á nù ní 2006, àfìgbà tó di ọdún 2009 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dá wọn padà. Ọdún mẹ́jọ! Ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà á ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló gbé aáwọ̀ náà dìde, ó lè dé iwájú ìgbìmọ̀ onílàjà tí wọ́n ń pè ní IAP. Mínísítà ètò iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ìdájọ́ wọn ránṣẹ́ sí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ péréte láti takò ó. Ọ̀rọ̀ á wá dé Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, NICN. Bí kò bá takò ó, ó lè di dandan.

Ẹni tó bá gba kúẹ́rì, kó kọ ọjọ́ tó gbà á sẹ́yìn rẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀dà èsì rẹ̀ sílé, kì í ṣe sínú dúróà ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé, wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé wá mú un mọ́.