Kí Ni À Ń Wá Nídìí Òkúta?

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nídìí òkúta. Ọmọ Ọ̀fà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n M. O. Oyawoye, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n jiọ́lọ́jì. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti kọ́ni. Òun ni ó ṣàlàyé òkúta aláwọ̀ ewé kan ní Bauchi, tí a ń pè ní bauchite.

Ẹ má rò pé eré ni wíwádìí ohun tó wà nínú òkúta. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn tó ń wa wúrà gbé òkúta wálé, wọ́n lọ̀ ọ́ lágbàlá. Òjé wà nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lé. Àwọn ọmọdé tí ó kú lé ní 400. Àyẹ̀wò òkúta náà ṣáájú ì bá ti fi òjé yẹn hàn.