Epo Ẹja àti Ìṣòro tí Ó Ń Dá Sílẹ̀ Nínú Ikùn

Láti ìgbà tí Bang àti Dyerberg, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ará Dẹ́ńmáàkì, ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn Inuit ilẹ̀ Greenland ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ni epo ẹja ti kọjá ohun tí a ń fi ṣíbí bù fún ọmọdé nìkan. Ó di oògùn tí àwọn àgbà ń gbé mì nínú kápúsù nítorí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀sùn tí àwọn tí ń lò ó fi ń kàn án kò pọ̀ ní oríṣi: gígùfẹ̀ tí ó ń rùn bí ẹja, kí àyà máa ta ènìyàn, kí èébì máa gbé e, àti ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tí ó yẹ ní wíwádìí ni bóyá ẹja ni ó fa ìwọ̀nyí, tàbí epo, tàbí bí a ṣe lò ó.

Láàárín Yorùbá, ẹni tí ó bá jẹun yó a máa gùfẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò kà á sí àìsàn. Ti epo ẹja yàtọ̀. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Nígbà tí kápúsù bá yọ́ nínú àpòlúkù, ńṣe ni epo náà yóò léfòó sórí omi tí a fi gbé e mì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ọ̀nà àtijáde. Ọ̀rá kì í tètè kúrò nínú àpòlúkù. Ó sì tún máa ń mú kí iṣan tí ń pa ẹnu àpòlúkù dé lókè dẹ̀, tí omi kíkan yóò fi gòkè wá ta ènìyàn láyà. Epo tí ooru tàbí afẹ́fẹ́ bá ti bà jẹ́ a máa rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìfun ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Omi òróòro àti èyí tí ó ń ti inú páńkíríásì wá ni ó ń mú kí ọ̀rá dà nínú ìfun kékeré. Nínú ọ̀pọ̀ kápúsù tí a ti mú kí agbára rẹ̀ pọ̀, a ti yí ọ̀rá ẹja padà sí oríṣi tí a ń pè ní ẹ́tíìlì ẹ́sítà. Oríṣi yìí kì í wọ ara dáadáa àfi bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá wà nínú ikùn láti pe òróòro jáde. Àṣẹ́kù a ṣàn lọ sí ìfun ńlá, ìgbẹ́ a sì rọ̀. Nítorí náà, àṣà kí a lo oògùn ní kùtùkùtù kí ẹnu tó kan oúnjẹ kò bá epo yìí mu rárá.

Ìṣirò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nínú ìwádìí STRENGTH, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, àwọn 13,078 ni ó kópa. Àwọn kan ń lo gíráàmù 4 epo ẹja lóòjọ́, àwọn yòókù ń lo òróró àgbàdo. Ìṣòro inú bá 24.7 nínú 100 àwọn ti epo ẹja, ó bá 14.7 àwọn ti àgbàdo. Ní ti REDUCE-IT, tí àwọn 8,179 kópa nínú rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní 2019, ìgbẹ́ gbuuru ṣe 9.0 nínú 100 àwọn tí ń lo epo ẹja, ó sì ṣe 11.1 nínú àwọn tí kò lò ó! Ẹni tí ó bá ka èyí nìkan lè sọ pé epo ẹja ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ṣùgbọ́n epo tí a yọ láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe àfiwé níbẹ̀, èyí tí kì í dà nínú, tí a sì ti ń lò tipẹ́ láti mú ìgbẹ́ rọ̀. Òótọ́ ni pé oríṣi epo ẹja inú ìwádìí méjèèjì kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun àfiwé ni ó kọ́kọ́ yẹ kí òǹkàwé béèrè.

Ní 2012, àjọ tí ń ṣàmójútó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé gíráàmù 5 EPA àti DHA lápapọ̀ lóòjọ́ kò mú ewu dání fún àgbà. Ìyẹn kò kan epo ẹ̀dọ̀ ẹja, nítorí fítámìnì A wà nínú rẹ̀, àpọ̀jù fítámìnì yìí a sì máa mú kí èébì gbé ènìyàn. Ẹni tí ó ń bu ṣíbí kún ṣíbí lè máa dá ọ̀rá lẹ́bi fún ohun tí fítámìnì ṣe.