Aṣẹ́gi inú ìrì dídì: àlàyé lórí àwòrán Pissarro kan

Gelée blanche, tí Camille Pissarro kùn ní ọdún 1873, ni mo máa ń fi ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn Impressionnistes fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó wà ní Musée d'Orsay ní Paris. Àgbẹ̀ kan pọn ìdì igi, ó ń rìn lọ létí Pontoise. Ìrì ti dì funfun sórí oko. Òjìji igi nà gbọọrọ lórí poro, ṣùgbọ́n àwọn igi náà fúnra wọn kò sí nínú àwòrán.

Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ọ̀dà lásán lẹ máa rí, ó ki, ipa búrọ́ọ̀ṣì sì hàn. Ní 1874, Louis Leroy fi í ṣẹ̀sín nínú ìwé ìròyìn Le Charivari pé èérún ọ̀dà ni wọ́n fi pa aṣọ ìdọ̀tí. Lójú tèmi, ibi tó ń bú yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà wà: búrọ́ọ̀ṣì tó kun ilẹ̀ ló kun àgbẹ̀, kò yà á sọ́tọ̀ bí ọ̀ṣọ́.

Òjìji ló máa ń dá wa dúró. Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí kì í sábà fi dúdú kùn ún, búlúù ni. “Dúdú” tiwa sì gba búlúù tó kún mọ́ra. Nítorí náà, “àwọ̀ aró” ni mo ń kọ.