Eyín Tó Ń Dun Ọmọdé: Yíyọ Nìkan Kọ́ Ni Ìtọ́jú

Láàárín àwa Yorùbá tí a fi Choba àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, bí eyín bá ń dun ọmọ ọdún 5, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ jàre, ṣebí yóò pààrọ̀ rẹ̀.” Lóòótọ́ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ju eyín sórí òrùlé nígbà èwe, tí a ń ṣọ́ra kí alángbá má baà rí i. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni yóò pààrọ̀ rẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ogún eyín ni ọmọdé kọ́kọ́ máa ń hù. Ti iwájú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní nǹkan bí ọdún 6, ṣùgbọ́n àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ lè wà lẹ́nu títí di ọdún 10 sí 12. Bí a bá yọ wọ́n láìtọ́jọ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè sún sí àyè náà, eyín tuntun á sì hù ní wíwọ́.

Àkokoro kì í ṣe kòkòrò tó ń rìn nínú eyín. Àwọn kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ló ń sọ ṣúgà di omi kíkan tó ń gbẹ́ ihò sínú eyín. Bí ihò náà bá jìn, ó lè dé ibi ẹran rírọ̀ tó wà láàárín eyín, èyí tí a lè pè ní mùdùnmúdùn eyín. Ìrora ńlá dé nìyẹn.

Bí ti òkè nìkan bá bàjẹ́, tí ti gbòǹgbò ṣì wà láàyè, dókítà eyín á fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, á gé apá tó bàjẹ́ kúrò, á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, á fi oògùn lé e, á sì dí i. Lẹ́yìn náà, ìdérí irin tí kì í dípẹtà ló dára láti fi bo eyín náà.

Oògùn tó gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ yìí tipẹ́ ni formocresol, tí Buckley mú jáde ní Amẹ́ríkà ní 1904. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n formaldehyde wà nínú rẹ̀. Ní 2004, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, kéde pé formaldehyde ń fa àrùn náà. Ìwọ̀nba kín-ún ni wọ́n ń lò nínú eyín, nítorí náà, kí òbí tí wọ́n ti lò ó fún ọmọ rẹ̀ má fòyà. Síbẹ̀, àwọn dókítà wá ohun tó sàn jù. Ní 1993, Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Loma Linda, California, gbé MTA jáde, ìyẹ̀fun tó bá sìmẹ́ǹtì ìkọ́lé tan, tó ń le nínú omi ara. Ìṣòro rẹ̀ ni owó.

Ẹ má da petiróòlù tàbí omi bátìrì sínú ihò eyín ọmọ, yóò jó o lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Port Harcourt wà ní Alakahia, lójú ọ̀nà East-West, nítòsí Choba. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ẹ bi í pé: Ṣé mùdùnmúdùn rẹ̀ ṣì wà láàyè? Oògùn wo lẹ fẹ́ lò? Èló ni? Bí ó bá jẹ́ yíyọ ló kù, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú tí ọyún sì wà níbẹ̀, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi ń pa àyè mọ́ fún eyín tuntun.

Ẹ má dúró di òru tí ọmọ kò ní lè sùn kí ẹ tó gbé e lọ.