Ẹ Béèrè Èèwọ̀ Àlejò Kí Ẹ Tó Gbé Ìkòkò Kaná



Igi ti ń wọ́wé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún sì ti to ara wọn tẹ̀léra: Halloween ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún ìrántí òkú àwọn ará Mẹ́síkò ní ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́, ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù náà. Àwa tá à ń gbé níbí mọ̀ pé àlejò tó ń wọlé wa kì í ṣe ẹlẹ́sìn kan náà.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe páì elégédé. Mo bu ti ọ̀rẹ́ wa kan tó wá láti Kúbà, ọmọ Ọ̀ṣun bíi tèmi. Ó rọra ti àwo sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ àwọn Lùkùmí ní Kúbà, Ọ̀ṣun ló ni elégédé, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ kì í sì jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ elégédé la fi tọ́ èmi dàgbà, mi ò rò ó rárá. Ojú tì mí.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe àlejò kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́bàtálá ò gbọdọ̀ rí epo pupa àti ẹmu nínú tiẹ̀. OníṢàngó kì í jẹ sèsé. Mùsùlùmí ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ sì ra tòlótòló tí wọ́n dúńbú bó ṣe yẹ fún un. Onígbàgbọ́ lè máa bẹ̀rù pé oúnjẹ òrìṣà ni. Ẹ má parọ́ fún un: ẹ se ti àlejò lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní ti ọ̀ṣọ́, àgbàdo gbígbẹ, elégédé àti ewé pupa tó já bọ́ lójúde ti tó. Èmi kì í so egungun oníke ti Halloween kọ́ nílé tá a ti ń bọ Egúngún. Àmọ́ agbárí oníṣúgà àwọn ará Mẹ́síkò kì í ṣe eré. Àwòrán òkú wọn, omi, búrẹ́dì àti òdòdó aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń tò kalẹ̀ láti fi gba àwọn ará ọ̀run lálejò. Bí ọ̀rẹ́ yín bá gbé tiẹ̀ wá, ẹ fún un ní tábìlì tirẹ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ojúbọ.

Ṣé ká wá gbé ojúbọ pa mọ́ nítorí àna? Rárá o. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bi mí pé kí ló wà lẹ́yìn aṣọ funfun yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, yàrá òrìṣà ni, kì í ṣe pálọ̀." Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ jókòó sídìí oúnjẹ.

Kó tó di pé a jẹun, kí kálukú gbàdúrà bó ṣe mọ̀ ọ́n. Àwa á ta omi sílẹ̀ fún àwọn tó ṣáájú wa.

Lọ́dún yìí, páì ọ̀dùnkún tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fẹ́ràn ni mo máa ṣe. Elégédé á wà níwájú Ọ̀ṣun. Ọ̀rẹ́ wa ti ní òun ń bọ̀.

Ẹ kú ọdún o. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀. Àṣẹ.