Ìlú Ọba: Bí Àṣẹ Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Ọba Bọ́ Sọ́wọ́ Aráàlú

Ìlú Ọba ni Yorùbá ń pe ilẹ̀ Bìrìtéènì, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ọba ṣì wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Charles Kẹta gorí oyè ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, wàjà lẹ́yìn 70 ọdún lórí ìtẹ́. Orúkọ ọba ni ìjọba fi ń ṣe ohun gbogbo. Òun ló ń yan olóòtú ìjọba, òun ló ń fọwọ́ sí òfin, òun sì ni olórí àwọn ọmọ ogun. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tó lè dá ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn aṣojú tí aráàlú fi ìbò yàn ló ni àṣẹ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: nǹkan bí 800 ọdún ni àṣẹ náà fi rìn kó tó dé ibi tó wà lónìí, ìjà ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú ìgbésẹ̀ tó gbé.

Ilẹ̀ mẹ́rin ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà: Íńgílándì, Skọ́tílándì, Wélísì àti Àríwá Áyálándì. Ogun ni àwọn ọba Íńgílándì fi gba Wélísì, òfin ọdún 1536 sì so ó mọ́ Íńgílándì. Ní 1603, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní kú láìbímọ, ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ ọba Skọ́tílándì sì jogún ìtẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ méjèèjì wá ní ọba kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó di 1707 kí ilé aṣòfin wọn tó di ọ̀kan. Áyálándì dara pọ̀ ní 1801. Lẹ́yìn ogun òmìnira, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yà lọ ní 1922, apá àríwá nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ohun kan ya orílẹ̀-èdè yìí sọ́tọ̀. Nàìjíríà ní ìwé òfin ọdún 1999 tí èèyàn lè rà kó sì kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bìrìtéènì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin ṣe láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, ìdájọ́ àwọn ilé ẹjọ́, àti àṣà tí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú gbà láti máa tẹ̀ lé, ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń rìn ní láti mọ ìtàn ibẹ̀.

Òǹtẹ̀ tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ ọba

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, Ọba John ló wà lórí ìtẹ́ Íńgílándì. Ó ti pàdánù ilẹ̀ púpọ̀ ní Faransé, ó sì ń gba owó orí tó wúwo láti fi jagun kó lè gba ilẹ̀ náà padà. Àwọn ìjòyè rẹ̀ dìde sí i, wọ́n gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì mú un dé pápá kan tó ń jẹ́ Runnymede, létí odò Thames. Ibẹ̀ ló ti lu òǹtẹ̀ ìwé tí wọ́n ń pè ní Magna Carta, ìyẹn Ìwé Ńlá, ní oṣù Kẹfà, ọdún 1215. Ìwé náà sọ pé ọba kò gbọdọ̀ ti ẹni òmìnira kankan mọ́lé, kò sì gbọdọ̀ gba dúkìá rẹ̀, àfi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dá a lẹ́jọ́ tàbí tí òfin ilẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe tálákà ni àwọn ìjòyè náà rò mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìgbà náà ló wà lábẹ́ olówó ilẹ̀, wọn kò sì sí lára àwọn tí ìwé náà pè ní ẹni òmìnira. Kódà, oṣù díẹ̀ péré ló lò kí póòpù tó fagi lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ọba tó tẹ̀ lé John tún un gbé jáde, ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀ kò sì parẹ́ mọ́: òfin ju ọba lọ.

Ilé aṣòfin jáde láti inú ọ̀rọ̀ owó. Ní 1265, Simon de Montfort, ìjòyè tó ṣọ̀tẹ̀ sí Ọba Henry Kẹta, pe aṣojú àwọn ìlú pọ̀ mọ́ àwọn ìjòyè láti jíròrò. Ní 1295, Ọba Edward Kìíní náà ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń wá owó ogun. Àwọn aṣojú náà tètè rí i pé tí ọba bá ń wá owó, àwọn náà lè béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ọdún ti ń lọ, ìpàdé náà pín sí ilé méjì: ilé àwọn ọlọ́lá, níbi tí àwọn ìjòyè àti bíṣọ́ọ̀bù ń jókòó, àti ilé aṣojú-ṣòfin, tí àwọn aṣojú ìlú àti ìgbèríko wà.

Ọba tí wọ́n bẹ́ lórí

Ọba Charles Kìíní gbà pé Ọlọ́run ló fi òun jọba, pé kò sí ẹnikẹ́ni tí òun ń jíhìn fún lórí ilẹ̀ ayé. Láti 1629 dé 1640, ó ṣe ìjọba láìpe ilé aṣòfin. Nígbà tí owó tán tó sì pè wọ́n, ìjà dé. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, ọdún 1642, ó kó ọmọ ogun wọ ilé aṣojú-ṣòfin láti mú ọmọ ilé márùn-ún. Wọ́n ti sá lọ kó tó dé. Ó bi abẹnugan ilé, William Lenthall, pé níbo ni wọ́n wà. Lenthall kúnlẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé òun kò ní ojú láti ríran tàbí ẹnu láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àyàfi bí ilé bá ti pa á láṣẹ.

Ọdún yẹn gan-an ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ọba pàdánù, wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì bẹ́ orí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 1649. Ọdún 11 ni ilẹ̀ náà fi wà láìní ọba, Oliver Cromwell tó jẹ́ ọ̀gágun sì ṣàkóso fún apá kan nínú ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n dá ìjọba ọba padà ní 1660, àmọ́ ẹ̀kọ́ ti wọlé. Nígbà tí Ọba James Kejì tún ń tẹ òfin mọ́lẹ̀, àwọn olóṣèlú pe William ará Nẹ́dálándì, ọkọ Mary tó jẹ́ ọmọ James, kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. James sá lọ sí Faransé ní 1688, William àti Mary sì gorí ìtẹ́ rẹ̀. Ní 1689, ilé aṣòfin ṣe Òfin Ẹ̀tọ́: ọba kò lè dá òfin dúró, kò lè gba owó orí, kò sì lè ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun nígbà àlàáfíà láìjẹ́ pé ilé aṣòfin fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ tí Charles ti kó ọmọ ogun wọlé, ọba kankan kò tún wọ ilé aṣojú-ṣòfin nígbà tí wọ́n bá ń jókòó. Ní ọjọ́ tí ọba bá ń ṣí ilé aṣòfin, ilé àwọn ọlọ́lá ló máa ń jókòó sí. Ó máa ń rán ìránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Black Rod láti lọ pe àwọn aṣojú-ṣòfin. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á sì fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ṣí i.

Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn William àti Mary túbọ̀ ń fà sẹ́yìn. Ọbabìnrin Anne ló kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin gbẹ̀yìn, ní 1708. George Kìíní, tó jọba ní 1714, wá láti Hanover ní Jámánì, kò sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kò pẹ́ tó fi jáwọ́ nínú ìpàdé àwọn mínísítà. Robert Walpole tó ń bójú tó owó ìjọba láti 1721 wá di olórí wọn, òun ni wọ́n sì kà sí olóòtú ìjọba àkọ́kọ́. Láti 1735 tó ti kó wọ ilé Nọ́ńbà 10, Òpópónà Downing, ni ilé náà ti jẹ mọ́ ipò yìí.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò?

Gbígba àṣẹ lọ́wọ́ ọba kò tíì sọ ọ́ di ti aráàlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin díẹ̀ tó ní dúkìá nìkan ló ń dìbò. Old Sarum, tó ti di ahoro, ń rán aṣojú méjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Manchester tó kún fún òṣìṣẹ́ kò ní ẹyọ kan. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1819, ọ̀pọ̀ èèyàn kóra jọ sí pápá St Peter ní Manchester láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ya lù wọ́n, ó kéré tán èèyàn 15 ló kú.

Òfin ọdún 1832 gba àyè lọ́wọ́ àwọn ìlú bíi Old Sarum fún àwọn ìlú ńlá, àmọ́ òṣìṣẹ́ kò tíì lè dìbò. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn Chartist fi dìde, tí wọ́n kọ ohun mẹ́fà sílẹ̀ ní 1838: ìbò fún gbogbo ọkùnrin, ìbò àṣírí, owó oṣù fún aṣòfin, ẹkùn ìdìbò tó dọ́gba, kí tálákà náà lè di aṣòfin, àti ìbò lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá wọn padà. Ṣùgbọ́n lónìí, márùn-ún nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti di òfin. Ìbò lọ́dọọdún nìkan ló kù.

Ti àwọn obìnrin ló pẹ́ jù. Emmeline Pankhurst dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1903, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kọ̀ láti jẹun nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ń fipá da oúnjẹ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́nà ọ̀fun. Ní 1918, gbogbo ọkùnrin tó pé ọdún 21 gba ẹ̀tọ́ ìbò, ṣùgbọ́n obìnrin gbọ́dọ̀ pé ọdún 30 kó sì ní dúkìá tàbí kí ọkọ rẹ̀ ní in. Ní 1928 ni wọ́n tó dọ́gba. Ní 1969, ọjọ́ orí náà di ọdún 18.

Agbára ilé àwọn ọlọ́lá náà dínkù. Nígbà tí wọ́n kọ ètò ìṣúná ọdún 1909, tó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ olówó láti ran arúgbó àti tálákà lọ́wọ́, òfin ọdún 1911 gba ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè fi àbá òfin falẹ̀, wọn kò lè pa á. Ní 1999, wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó fi ìdílé jogún àga wọn.

Bí ìjọba ṣe ń rìn lónìí

Ẹkùn ìdìbò 650 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yan aṣojú-ṣòfin kan. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, ì báà má tó ìdajì. Nítorí náà, ìbò tí ẹgbẹ́ kan ní àti àga tó gbà lè jìnnà síra. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni ẹgbẹ́ Labour ní, síbẹ̀ àga 411 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Aráàlú kì í dìbò yan olóòtú ìjọba tààrà. Olórí ẹgbẹ́ tó lè kó ọmọ ilé jọ jù ni ọba máa ń pè. Tí àwọn ọmọ ilé bá fi ìbò sọ pé àwọn kò fọkàn tán ìjọba rẹ̀ mọ́, ó di dandan kó lọ tàbí kó pe ìdìbò. Ní gbogbo ọjọ́rú tí ilé bá ń jókòó, ó gbọ́dọ̀ dìde dáhùn ìbéèrè wọn lójú gbogbo ayé.

Láti 1999, Skọ́tílándì àti Wélísì ti ní ilé aṣòfin tiwọn, Àríwá Áyálándì náà sì ní tirẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà 1998. Láti 2009, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti kúrò nínú ilé àwọn ọlọ́lá, ó dá dúró. Ní 2019, adájọ́ 11 panu pọ̀ pé bí ìjọba ṣe ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò bá òfin mu. Ohun tí Ìwé Ńlá sọ fún John ni wọ́n tún sọ fún olóòtú ìjọba.

Nígbà tí ìbò dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tiwọn. Ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní NHS, tí mínísítà Aneurin Bevan, ọmọ awakùsà, dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1948, ń tọ́jú aláìsàn láìgba owó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, nítorí owó orí ló ń gbé e. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí.

Ẹ̀tọ́ tí Bìrìtéènì ń fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò yá a lára láti fún àwọn tó kó sábẹ́ òfin rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ó gba Èkó ní 1861, ó sì di 1923 kí aráàlú Èkó tó dìbò yan aṣojú mẹ́ta sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọkùnrin tó ń rí 100 pọ́ùn lọ́dún nìkan ló sì lè dìbò. Irú ìjọba Bìrìtéènì ni Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ òmìnira ní 1960, tí Tafawa Balewa jẹ́ olóòtú ìjọba, títí tí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1966. Ọ̀pá àṣẹ tó ń wà níwájú abẹnugan ní Àbújá àti ní Ìbàdàn, láti Bìrìtéènì ni àṣà rẹ̀ ti wá.

Lónìí, ọmọ Nàìjíríà tó pé ọdún 18, tó ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó bófin mu, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò níbẹ̀, ì báà má tíì di ọmọ ilẹ̀ náà, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ẹgbẹ́ Conservative yan Kemi Badenoch, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣe olórí wọn. Ẹ̀tọ́ tí àwọn Chartist fi ìwé ẹ̀bẹ̀ wá, tí Pankhurst fi ebi wá, ti dé ọwọ́ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìforúkọsílẹ̀ nìkan ló kù kó ṣe.